Láti Jin-Go-Lo-Ba dé Jingo: Ìtàn Orin Bàbátúndé Ọlátúnjí Kan àti Àwọn Àtúnkọ Rẹ̀

Ìfáárà

Ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá gba Ìkòtún kọjá lọ sí Ìgándò, tàbí tó yà sí Ẹ̀gbẹ́dá, kò ní í rìn jìnnà kó tó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ àwọn DJ níbi ìnáwó. Iṣẹ́ wọn ni láti fa orin kan wọnú òmíràn láìjẹ́ kí ijó já. Wọn a gé ìbẹ̀rẹ̀ eléyìí, wọn a fa ìparí tọ̀hún gùn, wọn a sì ti ìlù tuntun bọ abẹ́ ohùn àtijọ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní rìmíìsì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ló ń fi í jẹun, èrò ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ni pé àṣà òkèèrè gbáà ni.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn orin tí wọ́n ti tún kọ, tí wọ́n ti tún lù léraléra fún ijó dísíkò àti àwọn ijó tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Èkó ló ti jáde. Ẹni tó bá kúrò ní Ìgándò, tó kọjá níwájú Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó dé Ìyànà Ìbá, tó wá yà sọ́wọ́ ọ̀tún sí títì márosẹ̀ Àgbádárìgì, ti dojú kọ ilé olórin náà. Àjídò, ní agbègbè Àgbádárìgì, ni ìlú rẹ̀. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń tọ̀ lẹ́yìn ni ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ inú orin náà bí ìlù rẹ̀ ti ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Nítorí pé ìlù náà kò kú rárá. Ọ̀rọ̀ ni kò rí bá ìlù náà dé ibi tó dé.

Ọmọ Àjídò àti àwo ọdún 1960

Ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1927 ni wọ́n bí Michael Bàbátúndé Ọlátúnjí. Ọmọ Ègùn ni. Bàbá rẹ̀ ti kú ní oṣù méjì ṣáájú ìbí rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Bàbátúndé, tí wọ́n sì fi Ọlátúnjí tì í lẹ́yìn. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Baptist Academy ní Èkó, ó gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ Rotary, ó sì lọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Morehouse ní Atlanta ní ọdún 1950. Iṣẹ́ aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè ló ní lọ́kàn, kì í ṣe ìlù. Nígbà tó lọ sí New York láti kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso ìlú ní yunifásítì ibẹ̀, ó kó àwọn onílù díẹ̀ jọ kó lè máa rí owó ná. Ìlù yìí ló borí ìwé. Ní ọdún 1957, John Hammond mú un wọ ilé iṣẹ́ agbórinjáde Columbia, àwo rẹ̀ Drums of Passion sì jáde ní ọdún 1960.

Orin mẹ́jọ ló wà lórí àwo náà. Ọmọ Yorùbá tó bá ka àkọlé wọn kò ní í ṣe wàhálà púpọ̀: Ṣàngó wà níbẹ̀, Ọya wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ọdún Dé. Akíwowo wà níbẹ̀ pẹ̀lú, orin òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Fún àǹfààní àwọn òǹrajà Amẹ́ríkà, wọ́n kọ àlàyé kékeré ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí iwájú àkọlé kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè mọ̀ pé òrìṣà ààrá ni ti ibí yìí, pé ayẹyẹ ọdún tuntun ni ti ọ̀hún. Ọ̀kan ṣoṣo ni àlàyé tirẹ̀ kò ṣàlàyé ohunkóhun. Iwájú Jin-Go-Lo-Ba, orúkọ àwo náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù gan-an nìyí, kí àjèjì kankan tó fọwọ́ kan orin náà. Wọ́n fi dáàṣì gé àkọlé náà sí sílébù mẹ́rin, kò sì sí àmì ohùn lórí ọ̀kankan nínú wọn. Gbogbo ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa fonọ́lọ́jì Yorùbá ló mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bá kì í ṣe bà, bà kì í ṣe ba. Ẹni tó bá ẹyẹ, ẹyẹ tó bà lórí igi, àti ọdẹ tó ba dè é, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Àwọn òǹkọ̀wé òkèèrè kan máa ń túmọ̀ àkọlé yìí sí pé kí ènìyàn má ṣe dààmú, ṣùgbọ́n bí a ti wulẹ̀ kí a gbé ohùn lé àwọn sílébù wọ̀nyẹn tó, kò sí bí a ṣe lè fa irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ yọ nínú wọn ní èdè Yorùbá. Ẹni tó bá fẹ́ wá ìtumọ̀ rẹ̀ dé gbòǹgbò, èdè méjì ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, Yorùbá àti Ègùn, nítorí pé inú ilé tí wọ́n ti ń sọ èdè Ègùn ni Ọlátúnjí ti jáde.

Ọ̀nà kejì tún wà tí a lè gbà wo ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Ọlátúnjí di olùkọ́ ìlù ní Amẹ́ríkà, sílébù ló fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: gun àti dun fún ọwọ́ tó bọ́ sí àárín awọ, go àti do fún etí ìlù, pa àti ta fún ìgbátí. Bí ọmọ ilé onílù ṣe máa ń fi ẹnu lu ìlù kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Ẹni tó bá wá ro Jin-Go-Lo-Ba sí ìró ìlù tí wọ́n fi ẹnu pè kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìlù Yorùbá tí wọ́n bá fi ẹnu pè pàápàá ní ohùn tirẹ̀. Ìró tí kò ní òkè, tí kò ní ìsàlẹ̀, ariwo ni.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé àwọn elégbè. Ọlátúnjí ló ń lé orin, àwọn obìnrin ló ń gbè é. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣà wọ́n jọ. Etí ni wọ́n fi kọ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí wọ́n ń kọ. Wọ́n gbìyànjú gan-an ni. Àmọ́ ohun tí etí gbé láìsí èdè nínú rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó rọ́pò ohùn pẹ̀lú adùn lásán.

Orúkọ tí wọ́n yọ, orúkọ tí wọ́n gé

Ní ọdún 1964, olórin ilẹ̀ Faransé kan, Serge Gainsbourg, gbé àwo tí ó pè ní Gainsbourg Percussions jáde. Mẹ́ta nínú orin rẹ̀ ló wá láti inú àwo Ọlátúnjí, Jin-Go-Lo-Ba sì wà nínú wọn. Marabout ni Gainsbourg pe tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ Faransé rọ́pò ọ̀rọ̀ ti tẹ́lẹ̀, ìlù àti ègbè dúró, orúkọ Gainsbourg nìkan ló sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni iṣẹ́. Ó ju ogún ọdún lọ kí Ọlátúnjí tó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́. Àwọn kan máa ń pe irú èyí ní yíyá orin. Ẹni tó bá yá nǹkan a máa sọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti yá a.

Ti Carlos Santana àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yàtọ̀. Ní ọdún 1969, orin yìí ni wọ́n fi ṣe síńgù àkọ́kọ́ wọn, ilé iṣẹ́ Columbia kan náà ló sì gbé e jáde. Wọ́n fi gìtá oníná àti dùùrù rọ́pò ohùn ènìyàn ní ibi púpọ̀, wọ́n sì tún lù ú ní Woodstock ní oṣù Kẹjọ ọdún náà níwájú èrò rẹpẹtẹ. Síńgù náà dé ipò 56 lórí àtẹ Billboard. Kì í ṣe ipò gíga, ṣùgbọ́n àwo tí orin náà wà nínú rẹ̀ tà púpọ̀púpọ̀, ọ̀dọ̀ Santana sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ Ọlátúnjí rí ti mọ orin yìí.

Àkọlé ni wọ́n gé. Jin-Go-Lo-Ba di Jingo. Lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kékeré ni. Ṣùgbọ́n jingo ti jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti nǹkan bí ọdún 1878; ẹni tó ń fọ́nnu nítorí ìlú rẹ̀, tó sì ń wá ogun kiri, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Báyìí ni orin ọmọ Àjídò ṣe gba orúkọ tó ní ìtumọ̀ tó yanjú nínú èdè mìíràn, tí ìtumọ̀ náà kò sì bá orin náà tan rárá.

Candido àti dísíkò ọdún 1979

Orúkọ gígé yìí ni orin náà bá wọ ilé ijó dísíkò. Ẹni tó gbé e wọlé ni Candido Camero, onílù kóńgà tí wọ́n bí ní Kúbà ní ọdún 1921, tó sì ti wà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1946. Ilé iṣẹ́ Salsoul ní New York ló gbé Jingo tirẹ̀ jáde ní ọdún 1979, lórí àwo Dancin' and Prancin'.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí Salsoul, nítorí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ rìmíìsì ti di ọjà. Ní ọdún 1976, ilé iṣẹ́ yìí ta síńgù oní-ínṣì méjìlá àkọ́kọ́ fún gbogbo ènìyàn, Ten Percent ti ẹgbẹ́ Double Exposure. Walter Gibbons, tó jẹ́ DJ, ni wọ́n fún ní orin náà pé kó tò ó pa dà, ó sì sọ orin ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin di ìṣẹ́jú bíi mẹ́sàn-án. Ohun tó ṣe kò ṣòro láti yé ẹni tó bá ti rí àwọn DJ Ẹ̀gbẹ́dá lẹ́nu iṣẹ́: ó dín ọ̀rọ̀ kù, ó fi ìlù kún ìlù, ó jẹ́ kí ibi tí ijó ti gbóná pẹ́. Àwo ńlá ní ààyè fún gígùn yìí, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì máa ń wúwo ju ti àwo kékeré lọ. Jin-Go-Lo-Ba ti ọdún 1960 kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Lábẹ́ ọwọ́ Candido, ó gùn ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Ìlù ńlá ń rìn lábẹ́ rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kò sì kọjá ìpè díẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀.

Síbẹ̀, nínú gbogbo àtúnkọ orin yìí, ti Candido ló jọ pé ó sún mọ́ ilé jù. Candido wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi kóńgà mẹ́ta lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá náà ní. Kóńgà rẹ̀ kò sọ Yorùbá, kò sì sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Kúbà tó ti wá jẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ Lùkùmí ti tọ́jú bàtá mẹ́ta, Ìyá, Itótele àti Okónkolo, láti ìgbà òwò ẹrú. Ọmọ agbègbè Àgbádárìgì ló kọ orin náà, etíkun tí wọ́n ti kó ẹrú lọ. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà fún ìwé kíkà. Àwọn ìlù Yorùbá ti wọ ọkọ̀ mìíràn lọ sí Kúbà ṣáájú rẹ̀, nínú ẹ̀wọ̀n. Inú ilé ijó ní New York ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé.

Ọdún 1979 yìí kan náà, ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ni àwọn èrò kan kó àwo dísíkò jọ ní pápá eré bọ́ọ̀lù ní Chicago, tí wọ́n sì fi àdó olóró fọ́ wọn túútúú. Àwọn tó ń ta àwo pariwo pé dísíkò ti kú. Ṣùgbọ́n àwọn DJ kò jáwọ́ nínú àwọn orin tí ìlù wọn lágbára.

Lẹ́yìn dísíkò

Ọ̀kan nínú àwọn DJ wọ̀nyí ni John Benitez tí wọ́n ń pè ní Jellybean. Ó gbé Jingo tirẹ̀ jáde ní ọdún 1987, ó sì dé ipò 12 lórí àtẹ orin ilẹ̀ Bìrìtìkó. Nígbà yìí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti ń lu púpọ̀ nínú ohun tí ọwọ́ ń lù tẹ́lẹ̀. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀ ju pé ijó ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì jó o.

Ọlátúnjí wà láàyè jálẹ̀ gbogbo èyí. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ àṣà Áfíríkà sílẹ̀ ní Harlem, níbi tí John Coltrane ti fun fèrè ní oṣù Kẹrin ọdún 1967, oṣù mẹ́ta péré kó tó kú. Ó bá Mickey Hart ṣiṣẹ́ lórí àwo Planet Drum ti ọdún 1991 tó gba ẹ̀bùn Grammy. Ó kú ní California ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2003, ó ku ọ̀la kó pé ẹni ọdún 76.

Ní ọdún 2004, Fatboy Slim, DJ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún gbé orin náà jáde lórí àwo Palookaville. Inú àkójọ ọdún yẹn náà ni ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti fi Drums of Passion sí ara àwọn àwo tí orílẹ̀-èdè náà yóò máa tọ́jú títí láé. Ní ti Fatboy Slim, ohun kan wà tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ṣe láti ọdún 1969 wá: kò pè é ní Jingo. Ó dá àwọn sílébù tí wọ́n gé sọnù pa dà, ó sì kọ ọ́ ní Jin Go Lo Ba, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láìsí àmì ohùn lórí ọ̀kankan.