Nígbà tí Àwọn Ènìyàn Jókòó sí Ilé ní Ọjọ́ Ìbò

Ọ̀rọ̀ ìtàn ni ọ̀rọ̀ wa tòní. Ìṣirò sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ẹ lọ ka 100 horo àgbàdo, kí ẹ dà á sí iwájú yín. A ó lò ó.

Nígbàkúùgbà tí ìbò ńlá bá ń bọ̀, ìbéèrè kan kì í kúrò lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ní ọjà, ní ìdí ẹmu, lábẹ́ igi tí a ti ń kọ́ ìwé, wọn a máa bi ara wọn pé: «Ṣé àwọn ènìyàn yóò tilẹ̀ jáde?» Ẹnìkan a ní gbogbo ìlú ni yóò jáde. Ẹlòmíràn a ní kò sí ẹni tí yóò ti oko wá nítorí ìbò. Wọn a máa jiyàn, wọn a tilẹ̀ fi ìgò bíà kan lé e lórí.

Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Kétu. Bàbá kan wà láàárín wa tí ó ti lé ní 80 ọdún. Ó dákẹ́ títí àwọn tó kù fi pariwo tán. Lẹ́yìn náà ó bi wá pé: «Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ ti gbọ́ nípa ìbò ọdún 1968?» Kò sí ẹni tó gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Èmi náà tí mo jẹ́ olùkọ́, ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wádìí rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni Dáhòmì gba òmìnira lọ́wọ́ Faransé. Dáhòmì ni wọ́n ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1975 ni wọ́n yí orúkọ náà padà. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta ló pín ìlú náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Hubert Maga ni àwọn ará àríwá ń tẹ̀ lé. Justin Ahomadégbé ni ti Àgbómẹ̀ àti agbègbè rẹ̀. Sourou-Migan Apithy ni ti Àjàṣẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ bàbá wa ní ìhà Àjàṣẹ́ títí dé Kétu tò sí. Bí ọ̀kan bá wà lórí àga, inú àwọn méjì tó kù kì í dùn. Ní ọdún 1963 àwọn sójà lé Maga. Ní ọdún 1964 Apithy di olórí orílẹ̀-èdè, Ahomadégbé di olórí ìjọba. Àwọn méjèèjì kò gbọ́ ara wọn yé. Nígbà tí ọdún 1965 ń parí lọ, ọ̀gágun Christophe Soglo tún gba ìjọba. Ní oṣù 12 ọdún 1967, àwọn sójà tí ipò wọn kéré sí tirẹ̀, tí Maurice Kouandété ṣáájú wọn, lé Soglo náà. Wọ́n fi Alphonse Alley jẹ olórí.

Àwọn sójà yìí sọ pé àwọn kò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìwé òfin tuntun, wọ́n sì gbé e wá síwájú àwọn ará ìlú ní oṣù kẹta ọdún 1968. Nínú 100 ènìyàn tó dìbò, ó lé ní 90 tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá wo ìbò oṣù kẹta yìí, yóò rò pé àwọn ènìyàn yóò tún tú jáde láti yan olórí orílẹ̀-èdè ní oṣù karùn-ún. Ta ni ìbá rò pé oṣù méjì péré yóò yí gbogbo rẹ̀ padà?

Nǹkan kan ni àwọn sójà ṣe. Wọ́n pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tó ti jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè rí, tàbí igbákejì rẹ̀, tàbí mínísítà, kò gbọ́dọ̀ du ipò náà. Maga kò sí níbẹ̀. Apithy kò sí níbẹ̀. Ahomadégbé kò sí níbẹ̀. Èrò wọn ni pé bí a bá kó àwọn àgbà mẹ́ta tó ń ja ìlú yìí kúrò lọ́nà, àwọn ènìyàn yóò wá ẹlòmíràn tẹ̀ lé. Èmi kò sọ pé èrò burúkú ni. Ìjà àwọn mẹ́ta yẹn ti sú ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Ṣùgbọ́n wọn kò bi ará oko bóyá òun fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Maga àti Apithy ní kí àwọn ènìyàn wọn má ṣe dìbò. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, dókítà kan tí wọ́n ń pè ní Basile Adjou Moumouni ni ó wọlé. Ọ̀pọ̀ ará abúlé kò mọ̀ ọ́n rárá. Ó ní 84 nínú 100 ìbò. Ẹni tó bá gbọ́ 84 nínú 100 yóò ní: «Háà, gbogbo ìlú ló fẹ́ràn rẹ̀!»

Níbí ni a ó ti lo àgbàdo wa. Ẹ wo 100 horo tó wà níwájú yín. Ìwọ̀nyí ni 100 ènìyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìdìbò. Mélòó ló jáde ní ọdún 1968? Bíi 26 ni. Ẹ ka 26 sí apá kan. Àwọn 74 tó kù jókòó sí ilé. Wàyí o, 84 nínú 100 tí wọ́n sọ yẹn, nínú àwọn 26 yìí nìkan ni. Bí ẹ bá pín in dáadáa, horo 22 ni ti dókítà náà. Méjìlélógún nínú ọgọ́rùn-ún! Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ iye kan lórí rédíò, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé, nínú ta ni? Ṣé nínú gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni, tàbí nínú àwọn tó jáde nìkan? Ìyá kan ní kíláàsì wa da àgbàdo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un kà, kí ó tó gbà fún mi.

(Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú. Ẹni tó ti kú lè wà níbẹ̀. Ọmọ wa tó ti lọ ṣiṣẹ́ oko ní Nàìjíríà lè wà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò jáde ló kọ̀ láti jáde.)

Kí ni àwọn sójà wá ṣe? Wọ́n fagi lé ìbò náà. Wọ́n ní àwọn tó jáde kéré jù. Ẹ ṣàkíyèsí rẹ̀: àwọn tí kò jáde ló borí. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n jèrè? Apithy kò padà sórí àga. Maga kò padà. Àwọn sójà fúnra wọn ló mú ènìyàn kan ní oṣù keje, dókítà mìíràn, Émile Derlin Zinsou, ọmọ Uidá. Wọ́n sọ pé òun ni olórí orílẹ̀-èdè. Zinsou ní òun kò ní jókòó lórí àga bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ará ìlú fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù keje, wọ́n tún pe ìbò. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lé ní 70 nínú 100 tó jáde. Nínú àwọn tó jáde, bíi 76 nínú 100 sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ fi àgbàdo yín wò ó, ẹ ó rí i pé ó lé ní ìdajì gbogbo horo náà.

Ará ìlú kan náà nìyí. Oko kan náà, ọ̀nà kan náà, òjò kan náà. Ní oṣù karùn-ún wọn kò jáde, ní oṣù keje wọ́n jáde. Nítorí náà nígbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń sọ pé ará oko kò jáde nítorí pé ọ̀lẹ ni, tàbí nítorí pé kò mọ̀wé, èmi kì í gbà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye tí yóò jáde, kí ó kọ́kọ́ wo orúkọ ta ni yóò wà lórí ìwé ìbò.

Ìyẹn nìkan kọ́. Zinsou tí àwọn ènìyàn jáde fún, oṣù 17 péré ni ó lò. Ní oṣù 12 ọdún 1969 Kouandété kan náà tún lé e. Ìbò tí wọ́n tún gbìyànjú ní ọdún 1970 fọ́ sí ìjà, wọn kò sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn àgbà mẹ́ta náà gbà láti máa jẹ olórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọdún méjì méjì. Maga ṣe tirẹ̀ tán, Ahomadégbé gbà á. Kó tó kan Apithy, Mathieu Kérékou gba ìjọba ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972.

Ní ayé Ìyípadà, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló wà. Àwọn tó ti pé 60 ọdún ó rántí dáadáa. Wọn a kọ orúkọ àwọn tí yóò lọ sí ilé ìgbìmọ̀ sínú ìwé kan, a sì dìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ sí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1989 wọ́n kéde pé nínú 100 tó dìbò, bíi 90 ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà náà wọn kò rí owó oṣù san fún olùkọ́, báńkì ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìbò náà, ní oṣù kejì ọdún 1990, wọ́n pe Ìpàdé Ńlá ti orílẹ̀-èdè ní Kútọ̀nú, àwọn tó péjọ síbẹ̀ sì gba agbára lọ́wọ́ ìjọba kan náà. Níbo ni 90 yẹn lọ? Ẹni tó bá jáde nítorí pé wọ́n ń ṣọ́ ọ, horo àgbàdo ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irúgbìn.

Ìbò tó tẹ̀ lé Ìpàdé Ńlá náà dùn mọ́ni. Ní ọdún 1991 Nicéphore Soglo borí Kérékou. Ní ọdún 1996 Kérékou padà wá borí Soglo, àwọn ènìyàn sì tú jáde, nítorí kò sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò wọlé. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ọdún 2019 ló wá rán àwọn àgbà létí 1968. Ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin. Wọ́n ti yí òfin ìbò padà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kópa gbọ́dọ̀ fi 249 mílíọ̀nù sẹ́fà sílẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ìjọba. Ìjọba ní ẹgbẹ́ ti pọ̀ jù ní ìlú, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, ó sì yẹ kí wọ́n para pọ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, ẹgbẹ́ méjì péré ló wà lórí ìwé ìbò, àwọn méjèèjì sì wà lẹ́yìn Ààrẹ Patrice Talon. Ní ọdún 2015, bíi 66 nínú 100 ló jáde láti yan ilé ìgbìmọ̀. Ní ọdún 2019, 27 ni.

Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: 1968, 26. 2019, 27. Horo kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀. Ní 1968 àwọn aláṣẹ ní 26 kéré jù, wọ́n fagi lé e. Ní 2019 ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ ìwé òfin fọwọ́ sí èsì náà, àwọn aṣòfin 83 sì wọlé jókòó. Jíjókòó sí ilé kò ní ẹnu. Ẹni tó wà lórí àga ló ń túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìjà ṣẹlẹ̀ ní Kútọ̀nú lẹ́yìn ìbò náà, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Ṣábẹ̀ ní oṣù kẹfà. Ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023 wọ́n tún yan ilé ìgbìmọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ẹgbẹ́ alátakò wà lórí ìwé ìbò, àwọn tí wọ́n ń pè ní Les Démocrates, wọ́n sì rí àga 28 gbà nínú 109. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé nígbà tí wọ́n ti padà wá, ìlú yóò jáde bíi ti 2015. Iye tó jáde jẹ́ bíi 38 nínú 100. Ó ju ti 2019 lọ, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí wọ́n fojú sí. Èmi náà ti ṣi í rò. Mo rò pé ènìyàn dà bí omi inú kànga, pé bí a bá ti ṣí ìdérí, a ó rí i níbẹ̀.

Mo padà lọ sí kíláàsì pẹ̀lú iye wọ̀nyí. A ka àgbàdo, a kọ iye sára pátákó. Mo wá béèrè lọ́wọ́ bàbá yẹn ohun tí ó ṣe ní ọjọ́ ìbò ọdún 1968.

Ó ní: «Oko ni mo lọ. Mo ń roko iṣu. Apithy ló ní kí a má jáde, èmi kò sì mọ dókítà tí wọ́n ń sọ. Ìbò ni mo ń dì ní oko yẹn.»

Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bi í pé: «Bàbá, ní ọdún 2019 ńkọ́?»

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní: «Ní ti 2019, mo wà nílé. Ẹnìkan kò sọ nǹkankan fún mi. Ó ti sú mi ni.»

Ìyá tó ń ka àgbàdo mú horo méjì, ó fi wọ́n sí àárín àwọn 74 àti àwọn 73. Ó ní òun kò mọ bí a ṣe lè kọ méjèèjì yàtọ̀ sí ara wọn. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n.