Abẹ́ Òkúta Tí Ó Gbà Wá: Ìrìn Ọjọ́ Kan Nínú Ìlú Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan mú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ó sì bẹ̀ mí kí n fi ìlú hàn wọ́n. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn Ẹ̀gbá, ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ó ti ju ogún ọdún lọ tí mo ti gun Òkè Olúmọ gbẹ̀yìn.

Agogo méje ni a gbéra, kí oòrùn tó mú. Ẹni tí ó mọ Abẹ́òkúta mọ̀ pé òkúta ìlú yìí a máa gba ooru mọ́ra bí ìkòkò orí iná. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, òógùn ti bò wá, àpáta sì ti ń jó wa ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti wọ ihò abẹ́ àpáta báyìí, ara tù wá. Níbẹ̀ ni mo ti sọ fún àwọn ọmọ náà pé ìran wíwò kọ́ ni ó mú àwọn baba wa wá síbẹ̀, ogun ni. Ogun ti fọ́ àwọn ìlú inú Igbó Ẹ̀gbá, gbígbé ní Ìbàdàn kò sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn mọ́, ni Ṣódẹkẹ́ fi ṣíwájú wọn dé ìhín ní nǹkan bí ọdún 1830. Abẹ́ òkúta ni wọ́n sá sí, ibẹ̀ ni ìlú sì ti gba orúkọ rẹ̀.

Èyí tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ náà wò mí lójú, ó ní: “Bàbá, ṣé àlejò ni àwa náà níbí nígbà náà?”

Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́nu mọ́. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní “1830” bí ẹni ń ka ìṣírò, n kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí a dé òkè pátápátá, mo na ọwọ́ sí òrùlé àwọn ilé ìsàlẹ̀, mo sì ń dárúkọ àdúgbò: Aké, Ìtòkò, Ìkìjà, Ìjemọ̀, Ìgbẹ̀in. Orúkọ àwọn ìlú tí ogun ti fọ́ ni gbogbo wọn. Ó ju ọgọ́rùn-ún ìlú lọ tí ó kó jọ síhìn-ín, olúkúlùkù sì gbé orúkọ rẹ̀ dání bí ẹni gbé ẹrù jáde nínú ilé tí ń jó. Ní 1834 àwọn Òwu, tí ogun ti tú ìlú tiwọn náà ká, dé, a sì gbà wọ́n.

A sọ̀kalẹ̀ lọ sí Aké, a jókòó ní ibòòji ilé-ìjọsìn St. Peter. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró, tí a ti kó lẹ́rú rí, ti ń padà wálé. Ajayi Crowther kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá. Òṣogùn ni a ti mú un ní 1821. Síbẹ̀, nígbà tí òun àti Henry Townsend dé Abẹ́òkúta ní 1846, ìhín ni òun àti Àfàlá ìyá rẹ̀ ti tún fi ojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún 25. Ìlú yìí kan náà ni Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ *Ìwé Ìròhìn* ní èdè Yorùbá ní 1859.

Ibi ìsádi kò sì ṣàìní ìdánwò. Ogun Dàhómì kọlù wá ní 1851 àti ní 1864. A lé wọn ní ìgbà méjèèjì. Ní iwájú Ààfin Aké, mo sọ fún àwọn ọmọ bí àwọn obìnrin, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣe olórí wọn, ti dìde ní 1947 nítorí owó-orí, títí Aláké Adémọ́lá fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ó padà wálé ní 1950. Ẹni tí ó bá ka ilé sí tirẹ̀ ni í sọ pé òrùlé ń jò.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà náà. Mo wá dá ọmọ náà lóhùn: “Bẹ́ẹ̀ ni, àlejò ni wá. Ṣùgbọ́n òkúta kò bi wá léèrè ibi tí a ti wá.” Ó ní kí n kọ orúkọ àdúgbò wa sínú ìwé òun, mo sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì orí rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa tí ń bẹ ní òkè òkun, ẹ mú àwọn ọmọ yín wá. Ẹ tètè gbéra ní òwúrọ̀, ẹ sì gbé omi dání. Kí ẹ tó padà, ẹ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè ìlú tí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ dé ìhín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àpáta kì í sọ̀rọ̀, àgbà kì í sì í wà títí. Ilé ni àbọ̀ ìsinmi oko.