Fọ́tò Kì í Dá Sọ̀rọ̀: Pierre Verger àti Àwọn Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ ní Bàhíà

Ìfáárà

Kò wọ́pọ̀ kí a wọ pálọ̀ àgbà kan nílẹ̀ Yorùbá kí a má rí fọ́tò lára ògiri. Bàbá á jókòó sórí àga nínú agbádá, ìyá á dúró tì í, àwọn méjèèjì á kọjú sí kámẹ́rà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi mú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ wá sí kíláàsì, kí wọ́n sì sọ̀rọ̀ lé e lórí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í lè sọ ju pé, ‘Bàbá bàbá mi nìyí.’ Orúkọ àbísọ bàbá náà ńkọ́? Oríkì orílẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ẹnu wọn a wọhò. Ojú bàbá wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn rẹ̀ ti sọnù.

Ohun tí ó mú mi ronú sí iṣẹ́ Pierre Verger nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ tí ó ṣe ìwádìí nípa òrìṣà, Ifá àti ewé, tí ó sì bá Yunifásítì Ifẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó di onímọ̀ ni ó ti jẹ́ ayafọ́tò. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi hàn pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ oníṣẹ́ọnà àti olórìṣà ni wọ́n fún àwọn fọ́tò rẹ̀ lóhùn, àti pé èdè Yorùbá wà lára ohun tí ó so wọ́n pọ̀.

Verger àti kámẹ́rà rẹ̀

Ìlú Paris ni wọ́n ti bí Verger ní ọdún 1902. Ní 1932 ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, Pierre Boucher, kọ́ ọ ní fọ́tò yíyà. A lè sọ pé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti jẹ́ iṣẹ́ ọ̀rẹ́. Kámẹ́rà Rolleiflex ni ó ń lò. A kì í gbé irú kámẹ́rà yìí sójú. Ìwájú àyà ni à ń gbé e sí, tí a ó sì máa wo inú rẹ̀ láti òkè. Nítorí náà kì í bo ojú ẹni tí ń ya fọ́tò, ẹni tí à ń yà kò sì ní rò pé ẹ̀rọ ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

Ní 1946 ni Verger gúnlẹ̀ sí Salvador, olú ìlú Bàhíà ní Bràsíìlì. Ó ya àwọn aláàárù èbúté, àwọn apẹja, àwọn olórìṣà àti àwọn obìnrin tí ń ta àkàrà, èyí tí wọ́n ń pè ní acarajé níbẹ̀. Ìwé ìròyìn O Cruzeiro ni ó ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà. Odorico Tavares a kọ ọ̀rọ̀, Verger a ya fọ́tò sí i.

Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú Carybé

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pàtàkì láàrin àwọn oníṣẹ́ọnà ni Carybé, ọmọ Argẹntínà tí wọ́n bí ní 1911, tí ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí Salvador ní 1950. Ó ń kun àwòrán, ó sì ń gbẹ́gi. Àwọn méjèèjì jọ di ọmọ Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, tí Ìyá Aninha dá sílẹ̀ ní 1910. Verger joyè Ojú Ọba níbẹ̀. Carybé di ọ̀kan nínú àwọn Ọba Ṣàngó.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ojú yẹpẹrẹ wo oyè wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá di ọmọ ilé ni ó ń mọ ibi tí ojú àlejò kò gbọdọ̀ dé. Ní 1951, O Cruzeiro kan náà tẹ fọ́tò tí ayafọ́tò mìíràn yà nígbà tí wọ́n ń ṣe ìyàwó òrìṣà nínú ìyàrá awo. Ọ̀rọ̀ náà dá rúkèrúdò sílẹ̀ ní Bàhíà, nítorí pé ohun ìkọ̀kọ̀ ti di ohun ọjà. Kámẹ́rà lè bu iyì kún ènìyàn. Ó sì lè tú u sí ìhòòhò.

Bí a bá wo iṣẹ́ Verger àti ti Carybé pọ̀, a óò rí i pé ohun tí ọ̀kan kò lè ṣe ni èkejì ń ṣe. Fọ́tò dúdú àti funfun ni Verger ń yà jù. Kò lè fi hàn wá pé pupa àti funfun ni ìlẹ̀kẹ̀ Ṣàngó. Carybé ni ó fi ọ̀dà kun aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ àwọn òrìṣà, iṣẹ́ tí ó ṣe láti 1950 títí di 1980. Nígbà tí iṣẹ́ náà di ìwé ní 1980, Verger wà lára àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ sí i. Ní 1985, Verger kọ ìwé ìtàn àwọn òrìṣà. Carybé ni ó ya àwòrán inú rẹ̀. Carybé tún gbẹ́ òrìṣà sára pákó 27, tí wọ́n wà ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Áfíríkà àti Bràsíìlì ní Salvador. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Mestre Didi àti oríkì Àṣípa

Láti 1948 ni Verger ti ń sọdá òkun wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Ó ń kó fọ́tò Bàhíà wá han àwọn olórìṣà níhìn-ín, ó sì ń kó tiwa lọ sọ́hùn-ún. Ní 1953 wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ní Kétu, ó sì di Fátúmbí. Ní 1952, Aláàfin Adéníran Adéyẹmí fi ṣẹ́ẹ̀rẹ́ àti ẹdùn àrá rán an sí Ìyá Senhora ní Òpó Àfọ̀njá, pẹ̀lú ìwé tí ó fi oyè Ìyá Nàsó dá a lọ́lá.

Ọmọ bíbí Ìyá Senhora ni Mestre Didi, olórí eléégún, oníṣẹ́ọnà àti òǹkọ̀wé. Carybé kan náà ni ó ya àwòrán sínú ìwé àlọ́ tí Didi tẹ̀ jáde ní 1961. Ní 1967, Didi àti ìyàwó rẹ̀ bá Verger lọ sí Kétu, ní Dàhòmì ìgbà náà, èyí tí ó di Bẹ̀nẹ̀ ní 1975. Níwájú Aláketu, Didi ki oríkì ìdílé rẹ̀, èyí tí àwọn ìyá ti ń sọ fún ọmọ ní Bàhíà. Bí ọba ti gbọ́ ọ, ó tọ́ka sí ibi tí agbo ilé Àṣípa wà. Wọ́n mú Didi lọ síbẹ̀. Ó bá ìbátan rẹ̀ pàdé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti kó àwọn baba ńlá Didi lẹ́rú. Kò sí fọ́tò wọn kankan. Bí ó bá tilẹ̀ wà, ta ni ì bá dá ojú wọn mọ̀ ní Kétu? Gbólóhùn oríkì ni ó ṣí ilẹ̀kùn. Ayafọ́tò mú un dé ẹnu ọ̀nà. Èdè ni ó mú un wọlé.

Ìkádìí

Verger kú ní 1996, Carybé ní 1997, Mestre Didi ní 2013. Fíìmù tí ó lé ní 60,000 wà lọ́wọ́ àjọ tí Verger dá sílẹ̀ ní 1988, nínú ilé rẹ̀ ní Salvador. Ogún ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó kan àwa olùkọ́ ni pé fọ́tò tí a kò so mọ́ orúkọ, ìtàn àti oríkì, ojú lásán ni.

Nítorí náà, bí a bá ń kọ́ oríkì orílẹ̀, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú fọ́tò àgbà kan láti ilé wọn, kí ó jókòó ti ẹni tí ó mọ àgbà náà, kí ó kọ orúkọ, iṣẹ́ àti oríkì rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n yà lè ya àwòrán rẹ̀, ọmọ tí ó ní ohùn lè kì í. Ẹ̀yin olùdánwò náà lè fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní máàkì. Àwọn àgbà tí ó lè dáhùn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò tí wọ́n bá fi sílẹ̀ kò ní lè ki ara rẹ̀.