Mímọ àti Gbígbẹ́: Ìtàn Lésà Tí Ń Mọ Irin

Ní ìgbèríko Adja-Ouèrè, ẹni tó bá ń mọ ilé alámọ̀ kì í parí ògiri rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Yóò mọ ìpele àkọ́kọ́, yóò fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí ó tó gbé èkejì lé e. Amọ̀kòkò pẹ̀lú ń fi amọ̀ lé amọ̀. Agbẹ́gilére ní tirẹ̀ ń gé igi dànù títí ère yóò fi yọ. Èdè wa ti ya iṣẹ́ méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́: a ń mọ ìkòkò, a ń gbẹ́ ère. Nígbà tí mo bá ń ṣàlàyé ohun tí àwọn Faransé ń pè ní fabrication additive fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì yìí ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Mímọ ni ẹ̀rọ náà ń mọ nǹkan. Kì í gbẹ́ ẹ.

Ìtànṣán lésà ló dípò ọwọ́. Theodore Maiman ló kọ́kọ́ mú un jáde, ní California, ní oṣù karùn-ún 1960.

Ní 1984, àwọn ará Faransé mẹ́ta, Alain Le Méhauté, Olivier de Witte àti Jean-Claude André, rí ọ̀nà láti fi ìtànṣán sọ oje oníkẹ́míkà di líle, ìpele lórí ìpele. Ní 16 oṣù keje, wọ́n tọrọ brevet, ìwé tí ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀. Kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 8 oṣù kẹjọ, tí Charles Hull ará Amẹ́ríkà fi tọrọ tirẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní Faransé kò rí èrè kankan nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì pa ìwé náà tì. Hull dá ilé-iṣẹ́ 3D Systems sílẹ̀ ní 1986, orúkọ rẹ̀ nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀ lónìí. Mo máa ń pẹ́ lórí ìtàn yìí ní kíláàsì, nítorí àwọn ọmọ wa gbà pé irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù.

Ní àárín ọdún 1980 sí 1989 kan náà, Carl Deckard, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Texas ní Austin, pẹ̀lú olùkọ́ rẹ̀ Joe Beaman, fi ìyẹ̀fun rọ́pò oje. A ó tẹ́ ìyẹ̀fun fẹ́ẹ́rẹ́, lésà yóò gba orí rẹ̀ kọjá, ibi tó bá kàn yóò lẹ̀ pọ̀. A ó tún tẹ́ òmíràn lé e. Ní nǹkan bí 1996, àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Aachen, ní Jámánì, mú kí lésà yọ́ ìyẹ̀fun irin pátápátá, kí ohun tó bá jáde lè le bí irin gidi. Èso rẹ̀ wà lójú ọ̀run: nínú ẹ́ńjìnì LEAP, tí GE àti Safran ti Faransé jọ ṣe, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016, ihò tí ń fọ́n epo, tó jẹ́ ogún ẹ̀yà tẹ́lẹ̀, di ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì fi ìdá mẹ́rin fúyẹ́ sí i.

Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Ní Lómè, ní 2013, Kodjo Afate Gnikou fi ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ti jù nù ṣe ẹ̀rọ W.Afate. Kò lo lésà. Okùn ike tó ń yọ́ ló ń lò. Ṣùgbọ́n brevet kì í sábà ju ogún ọdún lọ, ti okùn ike yìí sì ti parí ní 2009, ọ̀nà sì là fún ẹnikẹ́ni. Ti ìyẹ̀fun parí ní 2014. Síbẹ̀, ní ilẹ̀ Áfíríkà, Gúúsù Áfíríkà ni a ti gbọ́ ìròyìn rẹ̀ jù, níbi tí CSIR àti Aerosud ti jọ ṣe ẹ̀rọ ńlá Aeroswift.

Ọmọbìnrin kan bi mí pé, bí ìwé bá ti parí, kí ló tún dí wa lọ́wọ́? Mo ní ìyẹ̀fun ni. Irin ọkọ̀ àtijọ́ ni alágbẹ̀dẹ wa fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Kí ẹ̀rọ yìí tó lè lò ó, a ní láti yọ́ ọ, kí a fi gáàsì fọ́n ọn di ẹ̀kún kéékèèké tó rí róbótó, kí a sì pa á mọ́ kúrò lọ́dọ̀ afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin. Iná mànàmáná kò sì gbọdọ̀ lọ nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì béèrè iye tí gáàsì náà jẹ́.