Òfin Ẹ̀kọ́ Ọ̀ranyàn: Ta Ni Yóò Jẹ́jọ́ Bí Ọmọ Kò Bá Lọ sí Ilé-Ìwé?

Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti ọdún 2004 pa á láṣẹ pé kí òbí rí i dájú pé ọmọ òun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6 àti girama kékeré fún ọdún 3, kí ó sì parí méjèèjì.

Òbí nínú òfin yìí kì í ṣe bàbá àti ìyá nìkan. Alágbàtọ́ àti ẹnikẹ́ni tí ọmọ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ jẹ́ òbí. Nítorí náà, ẹni tí ó mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti abúlé, tí ó wá ń gbé igbá ọjà rù ú ní àkókò ilé-ìwé, kò lè wí àwíjàre pé òun kọ́ ni òun bí i.

Ìbáwí ni ti ẹni tí ilé-ẹjọ́ bá kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 1, tàbí méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 2, tàbí méjèèjì. Owó náà kò tó nǹkan mọ́ lóde òní, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n kò dín kù.

Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba.

Bí ọmọbìnrin bá lóyún kí ó tó parí ẹ̀kọ́, Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 ní kí a fún un láàyè láti padà sí ilé-ìwé lẹ́yìn tí ó bá bímọ.