Ikú Tí Kì Í Ṣe Eré: Akọ Màlúù nínú Ìwé àti Iṣẹ́ Ọnà Sípéènì

Kí akọ màlúù tó di ohun tí wọ́n ń bá jà níwájú èrò, ohun tí wọ́n ń wólẹ̀ fún ni. Lára ògiri ihò àpáta Lascaux ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn èèyàn ti yàwòrán ní nǹkan bí 17,000 ọdún sẹ́yìn, akọ màlúù ló tóbi jù nínú gbogbo ẹranko tí wọ́n yà. Ọ̀kan nínú wọn gùn ju mítà 5 lọ. Ní Memphis ní Íjíbítì àtijọ́, akọ màlúù kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń yàn láti jẹ́ Apis. Bí ó bá kú, wọn a tọ́jú òkú rẹ̀ bí òkú ọba, wọn a sì sin ín sínú ibojì abẹ́ ilẹ̀ ní Saqqara. Nínú ìtàn Gilgamesh ti ilẹ̀ Mesopotamia, abo òrìṣà Ishtar bínú nítorí pé ọba kọ̀ láti fẹ́ ẹ, ó sì rán Akọ Màlúù Ọ̀run sí i. Ọba àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Enkidu pa ẹran náà, àwọn òrìṣà sì dájọ́ ikú fún Enkidu nítorí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ìtàn ti ń sọ ọ́ pé ẹni tó bá pa akọ màlúù ní gbèsè lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì létí wa. Ẹni tó bá mọ ìtàn Ọya, tó mọ bí ọdẹ ṣe rí ẹfọ̀n tó bọ́ awọ sílẹ̀ tó di obìnrin, ti mọ̀ tipẹ́ pé ìwo kì í ṣe ohun ìjà lásán.

Ní erékùṣù Kírétè, Arthur Evans bẹ̀rẹ̀ sí í hú ilẹ̀ ààfin Knossos ní 1900. Lára ohun tí wọ́n rí ni àwòrán ògiri kan: akọ màlúù ń sáré, ẹnì kan di ìwo rẹ̀ mú, ẹnì kejì ń tàkìtì lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹnì kẹta sì nawọ́ síwájú lẹ́yìn ẹran náà. Kò sí idà níbẹ̀, kò sí ọ̀kọ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Gíríìkì ń pìtàn erékùṣù yìí kan náà, Minotaur ni wọ́n rí, ẹ̀dá olórí màlúù tí ayaba bí nítorí pé Ọba Minos fi akọ màlúù funfun tó yẹ kó fi rúbọ pamọ́. Wọ́n há a mọ́ inú ilé oníkọ̀rọ̀kọ́rọ̀, wọ́n sì ń fi ọmọ àwọn ará Athens bọ́ ọ títí Theseus fi wá pa á. Ẹran tí àwọn ará Kírétè ń tàkìtì lé lórí ni àwọn aládùúgbò wọn sọ di iwin ajẹ̀nìyàn.

Ní Sípéènì, àwọn ọ̀tọ̀kùlú ló kọ́kọ́ ni ìjà akọ màlúù. Orí ẹṣin ni wọ́n wà tí wọ́n ti ń gún akọ màlúù lọ́kọ̀ ní ojúde ìlú, nígbà ìgbéyàwó ọba tàbí ọdún ẹni mímọ́. Mẹ̀kúnnù tó wà nílẹ̀ kàn ń ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Ìjọ Àgùdà kò fẹ́ ẹ. Ní 1567, Póòpù Pius V fi òfin dè é, ó ní ẹni tó bá kú síbẹ̀ kò gbọdọ̀ rí ìsìnkú Ìjọ. Ọba Felipe II mọ̀ pé àwọn ará ìlú òun kò ní gbà, kò jẹ́ kí òfin náà fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tó di 1575, Póòpù Gregory XIII ti dẹ okùn rẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe àlùfáà.

Ààfin ló ṣe ohun tí Póòpù kò rí ṣe. Ìdílé Bourbon láti Faransé gorí ìtẹ́ Sípéènì ní 1700. Ọba tuntun náà, Felipe V, kò fẹ́ràn ìjà yìí, àwọn ọ̀tọ̀kùlú tó ń wojú rẹ̀ sì fi í sílẹ̀. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ni wọ́n gbà á. Ní ìlú Ronda, ìtàn sọ pé Francisco Romero, tó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà tẹ́lẹ̀, ló kọ́kọ́ fi aṣọ kékeré kan àti idà dá nìkan dojú kọ akọ màlúù. Pápá tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní Ronda ṣí ní 1785, Pedro Romero tó jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì di ọ̀gá níbẹ̀. Wọ́n ní ó pa ju 5,000 akọ màlúù lọ láyé rẹ̀, orí ibùsùn ló sì kú sí ní arúgbó. Pepe-Hillo, abánidíje rẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀: ìwé ìlànà ìjà náà jáde ní 1796 lórúkọ rẹ̀, akọ màlúù sì pa á ní Madrid ní 1801.

Ìlànà àtijọ́ yẹn náà ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ lé jùlọ. Akọ màlúù mẹ́fà ni, matador mẹ́ta, ìyẹn àwọn tó ń fi idà pa wọ́n. Ẹran náà ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ó lè wọn 500 kílò, kò sì gbọdọ̀ tíì rí aṣọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹsẹ̀ dúró rí, nítorí ó tètè ń kọ́gbọ́n: bó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, ara ènìyàn ni yóò máa wá lẹ́ẹ̀kejì. Fèrè dún, ẹni orí ẹṣin gún un lọ́kọ̀ ní iṣan ọrùn kí orí rẹ̀ lè wálẹ̀. Fèrè tún dún, wọ́n ki igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi bébà aláràbarà wé bọ̀ ọ́ léjìká. Ní fèrè kẹta, matador dá dúró pẹ̀lú aṣọ pupa. Pupa aṣọ náà kò já mọ́ nǹkan lójú akọ màlúù, bó ṣe ń mì ló ń lé. Nígbà tí idà yóò wọlé, matador gbọ́dọ̀ na ara rẹ̀ kọjá lókè ìwo ọ̀tún, kó sì fi ọwọ́ òsì fa aṣọ wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ẹran náà bá gbórí sókè lásìkò yẹn gan-an, inú tàbí itan ni ìwo ń wọ̀.

Ibi yìí ni ojú àwọn òǹkọ̀wé ti rọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó kú nínú eré orí ìtàgé yóò dìde nígbà tí aṣọ ìkélé bá wálẹ̀. Ní pápá yìí, àǹkóò wà bíi ti ìtàgé, orin wà, èrò wà, ẹni tí ikú bá níbẹ̀ kì í sì í dìde. Èmi kò lè fẹ́ràn kí wọ́n máa pa ẹran láti fi dá èèyàn lára yá. Síbẹ̀ mo gbà pé ohun tó mú kí ìwé ńlá ti ibẹ̀ jáde nìyẹn.

Goya, ayàwòrán ará Sípéènì, ló kọ́kọ́ yà á láìpọ́n ọ́n. Ó ti súnmọ́ ẹni 70 ọdún nígbà tó gbé àwòrán 33 jáde ní 1816, tó pe àkójọ náà ní La Tauromaquia. Ikú Pepe-Hillo wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó mú mi jù ni ti baálẹ̀ ìlú Torrejón. Akọ màlúù ti fo ògiri pápá wọ àárín èrò. Ó dúró gbọn-in lórí ìjókòó, baálẹ̀ náà sì gbé sórí ìwo rẹ̀, ó rọ̀ wọ̀jọ̀wọ̀jọ̀. Gbogbo èèyàn ti sá gún ara wọn mọ́ apá ọ̀tún. Apá òsì ṣófo pátápátá. Ẹni tó sanwó láti wá wo ikú lókèèrè ti bá ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn àjèjì ló sọ ọ́ di ìtàn ìfẹ́. Carmen tí Prosper Mérimée kọ ní 1845, tí Georges Bizet sì sọ di eré olórin ní 1875, ló jẹ́ kí gbogbo Yúróòpù máa fi matador ro Sípéènì. Vicente Blasco Ibáñez tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà kọ Sangre y arena ní 1908, ó tẹ̀ lé ọmọ tálákà kan láti Seville dé inú ọlá, dé inú ikú, ó sì jẹ́ kó yé wa pé èrò tó ń pariwo ni ẹranko tó rorò jù níbẹ̀. Ernest Hemingway fi ọdún San Fermín ní Pamplona ṣe ìtàn nínú The Sun Also Rises ní 1926, ó fún matador inú rẹ̀ lórúkọ Pedro Romero, ó sì tún kọ odindi ìwé lórí ìjà náà ní 1932. Ohun tí Hemingway ń wá níbẹ̀ ni bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà á. Ó rí i, ṣùgbọ́n òun náà ló sọ Pamplona di ibi tí àlejò ń rọ́ lọ láti sáré níwájú ìwo.

Kò sí ẹni tó gbé e dé ibi tí akéwì Federico García Lorca gbé e dé. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ignacio Sánchez Mejías kì í ṣe matador lásán. Ó kọ eré onítàn, òun náà sì ni olóòtú àpèjọ àwọn akéwì ní Seville ní 1927 tí gbogbo ìran wọn fi ń jẹ́ orúkọ ọdún yẹn. Ó ti fi pápá sílẹ̀, ó tún padà nígbà tó di ẹni 43 ọdún. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ ọdún 1934, ní Manzanares, akọ màlúù kan tí ń jẹ́ Granadino kàn án nítan. Kò gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un níbẹ̀, Madrid ló ní kí wọ́n gbé òun lọ. Ọ̀nà jìn, egbò náà jẹrà, ó kú ní ọjọ́ kẹta. Lorca kọ ewì arò lé e lórí, ó sì jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú ewì náà, akéwì ń dárúkọ wákàtí kan ṣoṣo léraléra bí ẹni tó ń lu agogo òkú, ó kọ̀ láti wo ẹ̀jẹ̀ náà, kò sì fi ìlérí ọ̀run tu ara rẹ̀ nínú. Arò gidi ni, bí àwọn tó mọ iṣẹ́ arò ṣe ń sun ún: wọn kì í sọ fún olóògbé pé ó ti dára. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1936, wọ́n yìnbọn pa Lorca fúnra rẹ̀ nítòsí Granada, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ogun yẹn ló mú kí akọ màlúù kọjá ọ̀rọ̀ pápá. Pablo Picasso, ọmọ Málaga, ti ń yà á láti kékeré. Ní 1934 àti 1935, Minotaur ló ń yà, nígbà mìíràn afọ́jú tí ọmọdébìnrin ń fà lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ òfuurufú Jámánì àti ti Ítálì ju bọ́ǹbù sí ìlú Guernica ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1937, ó ya àwòrán tó gbòòrò tó mítà 7.76. Ẹṣin ń ké ní àárín. Ní apá òsì, akọ màlúù dúró lórí ìyá tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ dání. Ṣé ìkà ni àbí Sípéènì tó ń wòye? Àwọn èèyàn ti jiyàn lé e títí. Lójú tèmi, bí ẹran náà kò ṣe ní egbò kankan lára, tí kò sì kan ẹnikẹ́ni, ni agbára àwòrán náà.

Ọdún 1936 tí wọ́n pa Lorca náà ni Munro Leaf tẹ ìwé ọmọdé jáde ní Amẹ́ríkà nípa Ferdinand, akọ màlúù tó fẹ́ràn kó jókòó máa gbóòórùn òdòdó, tí wọ́n gbé dé pápá Madrid tí kò jà. Ìjọba Franco, tó borí nínú ogun abẹ́lé Sípéènì, fòfin de ìwé náà. Ní Pẹ́rù, José María Arguedas kọ Yawar Fiesta ní 1941: ìjọba rán matador láti Lima wá kí ìjà ìlú Puquio lè dà bíi ti Sípéènì, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ gba ẹran náà padà, wọ́n sì bá a jà bí tiwọn. Ní Maranhão ní Bùràsíìlì, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú pọ̀ sí, eré Bumba-meu-boi gba ọ̀nà mìíràn pátápátá. Aya ẹrú kan lóyún, ahọ́n màlúù olówó wọn ló wù ú jẹ, ọkọ rẹ̀ pa màlúù náà, wọ́n sì ń wá bí wọn yóò ṣe jí i. Màlúù náà jí, ijó bẹ̀rẹ̀. UNESCO kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ogún aráyé ní 2019.

Ní Sípéènì òde òní, òṣèlú ti di ìwo mú. Ère akọ màlúù dúdú tí Manolo Prieto ṣe ní 1956 láti fi polówó ọtí Osborne, tó ga tó mítà 14, yẹ kó kúrò létí títì nígbà tí òfin lé ìpolówó kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tó ga jù dá a sí ní 1997, ó ti di ara ojú ilẹ̀. Àwọn ará Katalóníà tí kò fẹ́ jẹ́ ọmọ Sípéènì máa ń wó èyí tó wà lọ́dọ̀ wọn lulẹ̀. Ilé aṣòfin wọn fi ìbò 68 sí 55 fòfin de ìjà náà ní 2010, èyí tó kẹ́yìn sì wáyé ní Barcelona ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011. Síbẹ̀ wọ́n dá eré ìbílẹ̀ tiwọn sí, èyí tí wọ́n máa ń so iná mọ́ ìwo màlúù nínú rẹ̀. Mo gbà pé àánú wà nínú òfin yẹn, ṣùgbọ́n ẹran tí iná wà lórí ìwo rẹ̀ kò lè rí i. Ní 2016 ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ Sípéènì fagi lé òfin Katalóníà náà. Kòlóńbíà kò fi tirẹ̀ ṣe ìjà àsíá: òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2024 ní kí gbogbo rẹ̀ dópin ní 2027, kí ìjọba wá iṣẹ́ mìíràn fún àwọn tó ń jẹun níbẹ̀, kí àwọn pápá náà sì di ibi eré ìdárayá àti àṣà.