Ọdún 1889: Ojú Irin Tí Ó So Yúróòpù Pọ̀ Àti Ààlà Tí Ó Pín Kétu

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni tírélà ti máa ń tò lẹ́bàá ọjà Mile 12. Ata, tòmátò àti àlùbọ́sà tí wọ́n kó láti ìhà Àríwá ti sun oorun àìtọ́ lójú títì kí wọ́n tó dé. Àwọn aláta yóò ṣa èyí tí ó ti jẹrà sọ́tọ̀ kí wọ́n tó dá iye lé èyí tí ó kù. Orúkọ ọjà náà pàápàá, ìwọ̀n ọ̀nà ọkọ̀ ni. Kò sí ojú irin tí ó gba ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe kọjá. Bọ́ọ̀sì BRT tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS lóṣù Kẹta ọdún 2008 ni ìrọ̀rùn tí ó tíì tóbi jù tí àwọn èrò àdúgbò náà rí.

Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó gbé àpò kan kọ́ èjìká lè wọ ọkọ̀ ojú irin ní Paris, kí ó la Jámánì kọjá, kí ó sùn ní Vienna, kí ó sì jẹun ọ̀sán ọjọ́ kejì ní Budapest. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n pè ní Interrail: nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́ tí kò bá ju ọmọ ọdún 21 lọ ni ó ń fi í rin orílẹ̀-èdè 21. Kí ló dé tí ọmọ Ìkòsì kò fi lè rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láti Èkó dé Dakar?

Ìtàn ni yóò dáhùn. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù Kẹwàá ọdún 1883 ni ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Orient Express kọ́kọ́ gbéra ní Paris, tí ó forí lé ìhà Ìlà-Oòrùn. Nígbà náà, èrò tí ń lọ sí Istanbul ṣì ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí ó fi ọkọ̀ ojú omi parí ìrìn-àjò rẹ̀. Ní ọdún 1886, àwọn aṣojú ìjọba Yúróòpù fẹnu kò ní ìlú Bern, ní Switzerland, lórí ìwọ̀n tí ojú irin àti ọkọ̀ wọn gbọ́dọ̀ bá mu, kí ọkọ̀ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìsí ìdíwọ́. Nígbà tí ó di 1889, ọkọ̀ ojú irin ti ń lọ tààrà láti Paris dé Istanbul.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni àwọn ìjọba yìí jókòó ní Berlin, láti oṣù Kọkànlá ọdún 1884 sí oṣù Kejì ọdún 1885, tí wọ́n ṣe òfin bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ Áfíríkà. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ ọdún 1889, ọdún tí ọkọ̀ ojú irin dé Istanbul gan-an, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí ìwé ààlà láàárín Èkó àti Àjàṣẹ́. Ìlà náà ni ó mú kí Kétu, ìlú aládé tí Kétu ti Èkó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, bọ́ sọ́wọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ tí ó jẹ́ ọmọ Kétu sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ tí ń so ilẹ̀ tirẹ̀ pọ̀ ni ó ń pín ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Ojú irin tí wọ́n là lẹ́yìn náà tẹ̀ lé ìpín yẹn. Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìddó ní 1896. Ọkọ̀ dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì so Èkó mọ́ Kano ní 1912. Faransé gbéra ní Kùtọ̀nú, wọ́n sì gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá lọ sí Parakou. Jámánì là tiwọn láti Lomé. Gbogbo rẹ̀ ni ó dojú kọ òkun, nítorí kòkó, òwú, ẹ̀pà àti èkùrọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ là á. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni àwọn amúnisìn fún wa: ọ̀nà èbúté. Ìbú ojú irin Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlímítà 1067, ti Faransé jẹ́ 1000. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìbú ìka mẹ́rin lọ, síbẹ̀ ó tó láti dá ọkọ̀ dúró. Ọmọ Yorùbá ní Abẹ́òkúta ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin, ọmọ Yorùbá ní Ṣábẹ̀ẹ́ ń gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó lè gùn ún lọ kí ìkejì rẹ̀.

Níbi tí ọkọ̀ ti kọjá ààlà òde òní, bí i Dakar sí Bamako, tàbí Abidjan sí Ouagadougou tí ó parí ní 1954, Faransé nìkan ni ó ni ìhà méjèèjì nígbà tí wọ́n là á.

A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru òyìnbó. Èkó ni a ti fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀ ECOWAS lọ́jọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975. Ìlànà tí ó tẹ̀ lé e ní 1979 fún ọmọ ẹgbẹ́ láyè láti wọ orílẹ̀-èdè ẹlòmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Òfin ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ojú irin kò gba ibẹ̀ wọlé. Yúróòpù náà kò rí i ṣe lóòjọ́: ojú irin Spain fẹ̀ ju ti Faransé lọ, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni èrò fi ń pààrọ̀ ọkọ̀ ní ààlà wọn. Ìjókòó ìfẹnukò tí wọn kò jáwọ́ nínú rẹ̀ ni ó yọrí.

Ní 2021, ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, kìlómítà 157, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbú rẹ̀ jẹ́ 1435. Lọ́dún náà ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ti Kano sí Maradi ní Niger lélẹ̀. Ní 2024, Èkó ṣí ti Agbado sí Oyingbo. Ẹni tí ó wà ní Kétu ṣì ní láti kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Ọ̀ṣòdì tàbí Ìkẹjà kí ó tó rí i wọ̀. Iṣẹ́ rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá dá ìwọ̀n tirẹ̀ mú láìbi aládùúgbò léèrè, ìpín ọdún 1889 ni a ó tún fi owó ara wa ṣe. Ìfẹnukò bí irú ti Bern ni ó kù kí Àbújá, Kùtọ̀nú àti Lomé jókòó ṣe, kí ará Ìmẹ̀kọ tó lè fi ọkọ̀ ojú irin lọ kí ará Kétu.